Àwọn Sàró àti Àwọn Àgùdà: Ohun Tí Àlejò Mú Wá Sí Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo kàn bá pàdé nínú ìwé; àṣìṣe tèmi ni ó mú mi dé ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a rán wa jáde láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́bàá Ibafo ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìlú, mo sì sọ fún wọn pé kí ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nawọ́ sókè, nítorí mo rò pé àwọn ni yóò lè ròyìn fún wa. Nínú ọmọ tí ó lé ní 40, méje péré ni ó nawọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn méje náà kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, ó ní, "Ẹ̀yin àlejò, ọ̀rọ̀ yín kọ́ yìí." Ọmọ tí a wí fún náà bú sẹ́kún. Ibafo ni a bí i sí. Kò mọ ibòmíràn tí ó lè pè ní ilé. Mo bá ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà wí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀ ní alẹ́, ọkàn mi sọ fún mi pé èmi gan-an ni ó yẹ kí a bá wí, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ìfọ̀ ni a bí èmi náà sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi sì ti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Bí olùkọ́ mi bá ti bi wá ní irú ìbéèrè yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ tèmi náà ìbá wà nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: kí ni àlejò máa ń mú wá sí ìlú tí ó bá tẹ̀dó sí? Bí a bá fẹ́ rí ìdáhùn, kò yẹ kí a lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ènìyàn méjì tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, àwọn tí a ń pè ní Sàró àti àwọn tí a ń pè ní Àgùdà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe kúrò ní ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Òwu tú, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tú lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá tú. Àwọn tí ogun kó ni a ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọn ó fi dé etí òkun, níbi tí àwọn olówò ẹrú ti ń kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí Brazil àti Cuba. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò yìí láàrin àwọn ènìyàn wọn ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a sì máa ṣọ́ ojú òkun láti gba àwọn tí a dè sílẹ̀. Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone, ni wọ́n ń kó wọn lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní "Akú," nítorí bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ kú ìyí, ẹ kú ìyẹn ni a ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé, àwọn ará ilé kò lè pe Sierra Leone dáradára. Sàró ni wọ́n pè é, ni orúkọ náà bá mọ́ wọn lára.

Ní ti àwọn Àgùdà, àwọn tí ọkọ̀ gbé kọjá sí òdì kejì òkun ni. Wọ́n sìn ní oko ìrèké àti ní ìlú ńláńlá, pàápàá jùlọ ní Bahia ní Brazil. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà pẹ̀lú owó tí wọ́n fi òógùn ojú kó jọ. Ní oṣù January 1835, àwọn Mùsùlùmí kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador. A ṣẹ́gun wọn. Láti ìgbà náà ni ìjọba ibẹ̀ ti fi ojú burúkú wo gbogbo àwọn tí ó ti di òmìnira. A lé òmíràn jáde, òmíràn sì di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n forí lé Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní 1839, àwọn Sàró kan dá owó jọ ní Freetown, wọ́n ra ọkọ̀ kan tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì tu ọkọ̀ náà wá sí Àgbádárìgì. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: irú ọkọ̀ tí a fi kó wọn lọ ni wọ́n fi owó ara wọn rà láti gbé wọn padà! Láti Àgbádárìgì ni púpọ̀ nínú wọn ti gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ọmọ tí ó ti sọnù ni ó padà. Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé ìlú tí ó gbà wọ́n náà kò pẹ́ tí a tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá sá wá sí abẹ́ òkúta Olúmọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Òwu dé. Àlejò ni ó ń gba àlejò.

Mo rò pé gbogbo wa ni a mọ ìtàn Àjàyí Crowther. A kó o ní Ọ̀ṣogùn ní 1821, a gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay tí a dá sílẹ̀ ní 1827. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ Àfàlà ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà rántí, èyí tí ó kan àwa gan-an: olùkọ́ ilé-ìwé ni Crowther kí ó tó di àlùfáà, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ohun tí àwọn tí ó padà yìí mú wá wò.

Èkínní ni ìwé. Ní 1843 ni Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní January 1844 ni ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Òun àti àwọn Sàró mìíràn, bí Thomas King, sì bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ Bíbélì, èyí tí ó parí pátápátá ní 1884. Nígbà tí a bá dúró níwájú pátákó tí a ń kọ́ ọmọ kékeré ní A, B, D, tí a sì ń sọ fún un pé kí ó má ṣe gbàgbé àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni à ń ṣe. Kò sì jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Sigismund Koelle, jókòó ní Freetown, ó ń bi àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ èdè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó èdè tí ó lé ní 100 jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1854. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì mìíràn, Richard Lepsius, dá ọ̀nà kan sílẹ̀ láti fi kọ èdè tí kò tíì ní ìwé, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń wá bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ní January 1875 ni wọ́n pe ìpàdé sí Èkó, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ èyí tí à ń lò.

Bákan náà ni ọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù June, 1859, Thomas Babington Macaulay, ọmọ Sàró tí ó fẹ́ ọmọ Crowther, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Èyí ni a mọ̀ sí CMS Grammar School. Sàró mìíràn, ọ̀gá ọkọ̀ òkun James Pinson Labulo Davies, ni ó fi £50 sílẹ̀ kí a fi ra ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́. Herbert Macaulay, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ọmọ olùkọ́ yìí ni.

Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí àwọn Àgùdà ti tayọ gbogbo ènìyàn. Ní Èkó, Olówógbowó ni àwọn Sàró fi ṣe ibùgbé. Àwọn Àgùdà sì wà ní Pópó Àgùdà. Káfíńtà, bíríkìlà, aránṣọ àti alásè ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a ya òdòdó sí ara ògiri rẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì la àárín yàrá kọjá. Àwọn ọmọ ìlú tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbé irú ilé náà lọ sí Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Ilẹ̀ṣà, títí ó fi di ilé tí ọlọ́lá ń kọ́ níbi gbogbo. Bí ẹ bá rìn ní ìlú àtijọ́ kan, kí ẹ gbé ojú yín sókè, ẹ ó rí i.

Àpẹẹrẹ tí ó dùn mọ́ mi jùlọ ni mọ́ṣáláṣí Ṣítta ní Èkó. Mohammed Shitta, Mùsùlùmí tí a bí ní Sierra Leone, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, Àgùdà, ni ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní oṣù July 1894 ni a ṣí i, Súlútánì ilẹ̀ Turkey sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Sàró ni ó ni owó, Àgùdà ni ó ni ọgbọ́n ọwọ́, Èkó ni ó ni ẹwà rẹ̀ títí di òní. Ní Àjàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ kan wà tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ ti mọ iṣẹ́. Oúnjẹ wọn náà kò parun: ní ọjọ́ Fráídè Rere, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ni ó ń se frèjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ oko, èyí tí ó súnmọ́ wa nílé. Davies tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ oníṣòwò ńlá, ṣùgbọ́n òwò rẹ̀ dojú dé, ó sì wọ gbèsè. Kò jókòó kí ó máa káwọ́ gbera. Ní nǹkan bí 1880, ó lọ sí oko ní Ijon, ní apá Agége, ó sì gbin kòkó. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n ṣe bí ó ti ṣe. Jacob Kehinde Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, dá oko ńlá ní Agége. Ní 1907 àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn lébìrà tí ó wá láti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ sí ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Owó kòkó yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀ nígbà tí ó sọ ẹ̀kọ́ ọmọdé di ọ̀fẹ́ ní 1955. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá láti Agége wá sí ọ̀dọ̀ wa, ẹ rántí pé ìtòsí ojú ọ̀nà yìí ni ọkùnrin tí òwò rẹ̀ bàjẹ́ ti gbin ohun tí ó di ọrọ̀ gbogbo ilẹ̀ wa.

Ẹ̀kẹrin ni ìtàn. A bí Samuel Johnson ní abúlé Hastings ní Sierra Leone ní 1846. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àwọn òbí rẹ̀ bá David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, wá sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Jámánì mìíràn, G. F. Bühler, ti jẹ́ ọ̀gá. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó di alùfáà ní Ọ̀yọ́, ó sì jẹ́ ìránṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ó sì fi ránṣẹ́ sí òyìnbó. Ìwé náà sọnù sí wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní January 1916, ọkọ̀ Appam tí ó ń gbé ìwé náà lọ sí Ìlú Ọba bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹnu yà mí nígbà tí mo rí orúkọ ọkọ̀ ogun náà: Möwe, orúkọ ẹyẹ òkun kan ní èdè wọn, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ó jọ orúkọ Mowe tiwa! Ìwé náà padà bọ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹ́yìn, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ni ó bá wa kọ ìtàn ilé sílẹ̀ kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó kú tán.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó dán mọ́rán. Àlejò náà ní àléébù tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn Sàró ń fojú kéré àwọn ará ilé, wọ́n ń wọ kóòtù nínú oòrùn, wọ́n sì ń ka ara wọn sí òyìnbó dúdú. Àwọn ará ilé náà kò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ní 1865, George William Johnson, Sàró tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta kí ìjọba Ẹ̀gbá lè máa lo ìwé àti àkọsílẹ̀ bí ti àwọn ìjọba òkèèrè. Àwọn olóyè kan tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn kò fẹ́. Ní October 1867 ni Ìfọlé ṣẹlẹ̀: àwọn ènìyàn fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù àwọn onígbàgbọ́, a sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó sá kúrò lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ẹ kíyèsí i: ìbínú kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọmọ onílé di àlejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Láti 1683, nígbà tí àwọn ìdílé díẹ̀ láti Krefeld tẹ ìlú Germantown dó ní Pennsylvania, ni àwọn Jámánì ti ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ka ara wọn sí ìran wọn lónìí lé ní 40 mílíọ̀nù. Ní 1856, Margarethe Schurz, obìnrin Jámánì kan, kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ sínú ilé rẹ̀ ní Watertown, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ó ń fi eré àti orin kọ́ wọn. Èyí ni jẹ́lé-ó-sinmi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní dé, àwọn aládùúgbò wọn bẹ̀rẹ̀ sí fura sí wọn. Ní 1919, ìpínlẹ̀ Nebraska ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kékeré ní èdè àjèjì. Olùkọ́ kan, Robert Meyer, kọ́ ọmọ ọdún 10 ní ìwé kíkà ní èdè Jámánì. A mú un, a sì bu owó ìtanràn lé e. Kò gbà. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, ní 1923 sì ni wọ́n dá a láre.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ni pé àwa ni a ó wọ kíláàsì lọ́la. Láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà mọ́tò ńlá Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, Mowe àti Ibafo tí wọ́n jẹ́ abúlé àgbẹ̀ ti di ìlú tí a kò lè kà. Ẹni tí owó ilé Èkó pọ̀ jù fún wá. Ìgbò, Ègùn, Tápà, Hausa àti Ìgèdè wá. Ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Èkìtì wá. Òtítọ́ ni pé onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ilẹ̀ tí àwọn bàbá rẹ̀ ro ni gbogbo wa ń kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n kíláàsì kì í ṣe ibi tí a ti ń pín ilẹ̀. A kò mọ èwo nínú àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn wà nílẹ̀ ní ọjọ́ náà ni yóò ṣe Macaulay ìlú náà, tàbí Davies rẹ̀.

Kí sáà náà tó parí, mo tún ẹ̀kọ́ ìtàn náà kọ́. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀ ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí ó mú wọn wá, àti iṣẹ́ tí wọ́n mú dání. Ọmọ onílẹ̀ tí ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà padà wá, ó ní bàbá òun àgbà sọ pé ogun ni ó lé àwọn baba ńlá wọn dé ibẹ̀. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

Àwọn bàbá wa ní, bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bá. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti ṣọ́ ẹnu wa níwájú àwọn ọmọ. Ó dìgbà kan ná.